Ìborí Tí Kò Fọwọ́ Kan Ọrùn

Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀lé abẹ́rẹ́ mi jáde kò pupa. Ó dúdú, ó sì yára. Mo nu ún, mo gún ibòmíràn, ọ̀kan náà ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, mo sì pe ọ̀gá mi.

Oṣù kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́ dókítà nìyẹn, ní ọsibítù kan n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Mi ò fẹ́ràn láti sọ ohun tí mi ò tíì yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Aláìsàn náà ni Àlàájà Sìdíkátù, aránṣọ kan láti Òkè Àdó. Jẹjẹrẹ ti jẹ ìdí eyín wọn dé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, a gé e kúrò, ihò tó kù sì tóbi ju èyí tí a lè fà pọ̀ rán. Ohun tí àwa ń pè ní fúláàpù la fi dí i. A gé awọ àti ẹran láti àyà wọn, ṣùgbọ́n a kò já a kúrò lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un. A fà á gba abẹ́ awọ ọrùn gòkè, a sì rán an sínú ẹnu. Òun ni mo ń fi abẹ́rẹ́ gún wò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹran náà ń gbà jẹun nìyẹn, ọrùn ló sì gbà kọjá. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, ẹran á kú, itọ́ á máa jò sínú ọrùn, a ó sì tún gbé wọn padà sí tíátà, bí ara wọn bá lè gbà á.

Nígbà tí a ṣàlàyé èyí fún wọn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fẹ́ gé lára aṣọ fi dí ihò aṣọ nìyẹn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó hunjọ o."

Ọ̀gá mi dé. Wọ́n mọṣẹ́, wọ́n sì ti kọ́ mi ní ohun púpọ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu Àlàájà.

"Àwọ̀ rẹ̀ dára. Kò yí padà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ náà."

"Mo ti ń ṣe fúláàpù kí o tó wọ yunifásítì."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n awọ àyà Àlàájà dúdú. Àwọ̀ pupa tí ìwé ní ká máa wá, kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ojú lásán ò lè dá a mọ̀."

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá wolẹ̀. Mo tún gún un kí ọ̀gá tó dáhùn. Ó dúdú bíi ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá kọjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ ní kí tíátà múra."

Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Nǹkan kan ń tẹ iṣan náà. Mo bi ara mi pé kí ló yí padà láti aago méjìlá ọ̀sán, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì pupa. Ìborí ni. Ẹ̀gbọ́n Àlàájà, tó jókòó tì wọ́n, ti fi ìborí sílíìkì wé wọn láti orí dé àgbọ̀n, wọ́n sì ta á ní kókó pinpin sí ọrùn, nítorí àwọn àna ń bọ̀ wá kí wọn. Mo na ọwọ́ sí kókó náà.

"Láéláé!" Ẹ̀gbọ́n wọn gbá ọwọ́ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ tú ìborí abilékọ níṣojú àna? Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà!"

"Orí wọn á wà ní bíbò, mà. Ọrùn nìkan ni mo fẹ́."

"Ọrùn tó wú bíi búrẹ́dì yẹn? Kí wọ́n lọ máa ròyìn rẹ̀ káàkiri Òkè Àdó?"

"Kí wọ́n ròyìn rẹ̀, mà. Bí ẹran yìí bá kú, ìròyìn tí wọ́n máa gbé lọ á burú jù bẹ́ẹ̀."

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà rí. Mi ò sì kábàámọ̀.

Àlàájà kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n fi pẹ́ńsù lu irin bẹ́ẹ̀dì, àwa méjèèjì yíjú sí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú kókó náà, wọ́n sì kọ ọ́ sórí bébà: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọrùn mi ni, mi ò jí i."

Àwọn àna wọlé. Ọ̀kan gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlàájà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ yẹn kí ó lè rí ọrùn náà dáadáa.

Mo dúró, mo tún gún un. Ó ṣì dúdú. Mo tún dúró. Ní ìgbà kẹta, ẹ̀jẹ̀ náà pupa. Ọ̀gá dá tíátà dúró, wọ́n gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ ohun tí mo kọ. Mi ò lè búra pé ìborí nìkan ló fà á. Ọrùn tó wú lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a tú u, ẹran náà sì yè.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Àlàájà padà wá fún àyẹ̀wò, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wà ní gbangba. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo díẹ̀, ó sì yéni. Wọ́n gbé ọ̀rá kan fún mi. Ìborí ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn fẹ̀, wọ́n ní pínnì lókè orí, kò sí okùn kankan lọ́rùn.

"Ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ni. Ẹ wò ó, kò hunjọ." Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Tiyín ló hunjọ díẹ̀."

Mo fi ìlà kan kún ìwé àkọsílẹ̀ wa: kí ló wà lọ́rùn aláìsàn? Dókítà àgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù wa bi mí pé inú ìwé wo ni mo ti rí i.

"Kò sí nínú ìwé kankan, sà," ni mo sọ. "Àwa la kọ ọ́."