"Very" Tí Mi Ò Sọ

Mo rántí ìgbà tí iye tí wọ́n ń ta iṣu kan ní Moniya báyìí lè ra odindi àká iṣu, kó tún ṣẹ́ kù fún owó mọ́tò wálé. Lánàá, ọmọ ọmọ mi ti ọjà dé, ó ní iṣu ti wọ́n "very, very." Ó ṣe mí bíi kí n tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n mo bá a gbé ẹrù ọjà wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gba nǹkan lọ́wọ́ mi rí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ ní yunifásítì. Olùkọ́ wa ló sọ fún wa pé ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba "very," pé "òótọ́" ló túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ní "very" ọ̀rẹ́ láyé àtijọ́, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi kún gbogbo nǹkan bí àwa ṣe ń fi "gan-an" kún ọ̀rọ̀, agbára rẹ̀ bá ń dín kù bí aṣọ tí a fọ̀ títí tó fi ṣá. Èyí dùn mọ́ mi débi pé mo yọ "very" kúrò lẹ́nu mi pátápátá. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Lọ́dún tí mo fẹ́ parí, mo rí ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fi ṣaya, ní abúlé kan lẹ́yìn Olódò. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ju oúnjẹ lọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ṣe alárinà wa la jọ lọ kí wọn. Ọmọbìnrin náà kò jókòó tì wá. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí.

Bàbá wò mí títí. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ǹjẹ́ o fẹ́ràn ọmọ mi very much?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n 'very' yẹn ò fi nǹkan kan kún un."

Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mi ò kà á sí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, mo sì ṣàlàyé dópin. Nígbà tí mo ṣe tán, bàbá kọjú síta, wọ́n ní, "Ẹ gbé omi fún tíṣà. Ọ̀fun rẹ̀ á ti gbẹ." Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ́tìnnì ti kúrò níbẹ̀.

Lọ́nà, ọ̀rẹ́ mi ní, "Wọ́n fẹ́ fún ọ níyàwó, o ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Mo padà lọ bẹ ọmọbìnrin náà. Kò bínú. Ó kàn ní, "Bàbá mi mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni wọ́n ṣe bi ọ́." Kò pẹ́, ó fẹ́ akọ̀wé kan, wọ́n kó lọ sí Ìjàyè. Èmi náà fẹ́ ẹlòmíràn, obìnrin rere.

Bàbá ti kú tipẹ́. Àtọ̀gbẹ mú ọ̀rẹ́ mi lọ. Ìyàwó mi náà ti sùn. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn kọ́tìnnì yẹn ṣì wà. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo lọ kí i ní Ìjàyè, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta nìyẹn?" Ọmọ náà ní, "Ẹni tó mọ̀ yín tipẹ́ ni, màámi." Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nínú gbogbo àwa tá a wà nílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwa méjì la kù, mi ò sì rí "very" yẹn sọ fún un.