Irun Tí A Tú Kí Ọkọ̀ Tó Dé Ìdó

Nígbà tí Èyọ̀ ku díẹ̀, ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Dádì, a ti ń múra o. Ṣé ẹ ń bá wa lọ?"

Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé màá ṣọ́ ilé. Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé tó ti wà ní Agége kí wọ́n tó bí mi, níbo ló fẹ́ sá lọ?"

Ohun tí n kò sọ ni pé kì í ṣe Èyọ̀ ni mo ń sá fún, Oyíngbò ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, ibi yòówù kí a ti lọ ṣe fàájì ní Èkó, ọjà Oyíngbò la máa ń gbà padà sílé, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ṣawá yíyan. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kò tíì dé ibẹ̀. Ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù. Èkíní ni kí oníṣawá bi mí pé ìyá àwọn ọmọ dà. Èkejì ni kí ó má bi mí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n ní Oyíngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, n kò sì fẹ́ lọ fi ojú ara mi rí i.

Ó yẹ kí n sọ irú ilé tí a jẹ́. Ará Èkìtì ni èmi àti ìyàwó mi. Èmi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, òun ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Dópèmú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Tíṣà. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. Tíṣà gbà pé ẹni tó bá ń gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ láti Mọ́ńdè gbọ́dọ̀ lọ gbọ́ ariwo mìíràn ní Sátidé. Nítorí náà, kò sí ọdún tó ń kọjá lẹ́yìn wa. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, a ó kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ wo àgbò, bẹ́ẹ̀ a kò ní ra ìrù rẹ̀ pàápàá. Tíṣà á máa ná àgbò, á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ légbẹ̀ẹ́, á máa bi í ní ọjọ́ orí, títí ẹlẹ́ran á fi ní, "Àlàájà, ẹ jẹ́ ká so ó fún yín."

"Ọmọ ìjọ ni mí," á dá a lóhùn. "Mo kàn ní kí n kí i kó tó lọ ni."

Bí ọjọ́ ọdún bá sì pé, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé ilé á gbé ẹran wá fún wa. Àwa náà á gbé ìrẹsì lọ fún wọn nígbà Kérésìmesì. Nígbà tí ẹnì kan ní ìjọ bi í bóyá ó bójú mu kí onígbàgbọ́ máa wo eégún, Tíṣà ní, "Ojú ni mo fi ń wò ó. N kò fi orúnkún wò ó."

Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ wo Èyọ̀, ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ìwé kà ni, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì ń sùn lé ẹsẹ̀ ẹni nínú ọkọ̀. A kò tíì rí Èyọ̀ rí, àfi nínú kàlẹ́ńdà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Tíṣà lọ bá onídìrí rẹ̀ ní Dópèmú, ó di ṣùkú. Lọ́dọ̀ wa lókè, irun tí obìnrin ń dì lọ síbi ọdún nìyẹn. Irun náà gbéra láti etí, láti iwájú, láti ìpàkọ́, gbogbo rẹ̀ gòkè lọ pàdé ní àtàrí. Ó le débi pé ó jọ pé wọ́n fa ojú rẹ̀ gùn sí i. Kò lè rẹ́rìn-ín dáadáa, ṣùgbọ́n ó dára, ó sì mọ̀ pé òun dára.

Tíréènì àtijọ́ la wọ̀ láti Agége lọ sí Ìdó. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó kọjú sí wa, ó wọ ìró àti bùbá funfun. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, Agége ni ilé ọkọ rẹ̀, ó sì ń padà lọ sí ilé bàbá rẹ̀ nítorí ọdún náà.

"Ìyàwó mi," ó ní, "níbo lẹ ń lọ tí ẹ dára báyìí?"

"Èyọ̀ ni mà."

Ìyá náà wò ó láti ọrùn dé àtàrí. "Tẹ̀yin ti ṣùkú?"

Tíṣà rò pé ó ń yin òun ni. "Ẹ ṣeun mà. Àná ni mo dì í."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ó pa mí. Wọn kì í fi ṣùkú wo Èyọ̀. Bàtà, wọn kì í wọ̀ ọ́. Sìgá, wọn kì í mu ún. Kẹ̀kẹ́, wọn kì í gùn ún. Ṣùkú, wọn kì í dì í. Ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ àwọn Èyọ̀ yẹn, ṣé ẹ rò pé wọ́n fi ń tilẹ̀ ni?"

"Mo ní gèlè nínú báàgì, mà. Màá fi bò ó."

"Gèlè náà kì í wọ ibẹ̀."

Ọkọ̀ ti ń wọ Ìkẹjà. Ọkùnrin kan tó ń ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò gbé ojú sókè. "Ìkẹjà la dé yìí o," ó ní. "Ẹni tó bá máa sọ̀, kó tètè sọ̀." Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Tíṣà, jẹ́ ká sọ̀. Ọdún mìíràn ń bọ̀."

Ó wo àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin wa ti wọ aṣọ rẹ̀ láti ìdájí, kò tilẹ̀ jẹun tán. "Kí ni kí n sọ fún wọn?" ó ní. "Pé irun ìyá wọn ló lé wọn padà?" Ó bọ́ yẹtí rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó mú òòyà ìlarun jáde, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. "Ẹ tú u."

"Èmi?"

"Àbí kí n lọ pe ẹni tó ń wa tíréènì?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi mú apá ọ̀tún, ọmọbìnrin wa mú apá òsì. Onídìrí náà ti fi òwú dúdú so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní àtàrí, ó sì jọ pé kò fẹ́ kí ó tú láéláé. Ìyá inú ọkọ̀ di ọ̀gá wa. "Bàbá ọmọ, ẹ rọra," ó ní. "Orí ni, kì í ṣe àgbàdo." Ọmọbìnrin wa sáré jù mí lọ, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ọkọ̀. Ọkùnrin oníwèé ìròyìn ti ká ìwé rẹ̀, ó ń wò wá. Nígbà tí a dé Òṣòdì, ó ní apá òsì ló máa borí. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní rárá, àgbà kì í yára, ṣùgbọ́n á dé ibẹ̀.

Mo ti fẹ́ ẹ tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ n kò tíì tú irun rẹ̀ rí. Ó ń ta sánsán àdí àgbọn. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan sókè lẹ́yìn etí rẹ̀, mo rí àpá kékeré kan tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Kí ló ṣe ibí yìí?"

"Igi ìbẹ́pẹ ni mo ti já bọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ máa tú irun, Dádì."

Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbàdúrà kí tíréènì pẹ́ lọ́nà, àdúrà mi sì gbà. Láàrin Múṣín àti Yábàá, ọkọ̀ dúró gbọingbọin, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Àwọn èrò ń kùn, èmi nìkan ni mo ń dúpẹ́. Bí ó ṣe gbéra, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀. Òwú tó gbẹ̀yìn já bí ọkọ̀ ṣe ń dúró ní Ìdó. Ọkùnrin oníwèé ìròyìn pàtẹ́wọ́. Tíṣà fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. Irun náà dúró gangan, gbogbo rẹ̀ ń wo òkè. Obìnrin tí kì í yọjú sí ẹnu ọ̀nà láì di irun, ó bọ́ bàtà, ó fi í sínú báàgì, ó di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú, ó sì gun afárá Kátà.

Ìyá náà bá wa rìn dé Ìdúmọ̀tà. Ibẹ̀ la ti rí àwọn Èyọ̀, funfun lókè, funfun nílẹ̀, akẹtẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí, wọ́n ń gbọn aṣọ wọn bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ọ̀kan dúró níwájú wa. Tíṣà fún ọwọ́ mi pọ̀. Èyọ̀ náà wo irun rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ọ̀pámbàtà kàn án léjìká, jẹ́jẹ́. Ó ní òun yọ̀ fún wa, òun sì yọ̀ fún ara òun, ó sì kọjá lọ.

"Ó rí i pé mo tú u," Tíṣà ní.

Mo bi ìyá náà pé nítorí kí ni wọ́n ṣe jáde lọ́dún yẹn. Ó ní ẹni ńlá kan ló lọ, òun ni wọ́n ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún. Tíṣà ronú sí i díẹ̀, bí ìgbà tó bá ń yẹ aṣọ wò lórí àtẹ. "Kí èèyàn kú," ó ní, "kí gbogbo ìlú wọ funfun jáde wá dágbére fún un. Ìyẹn dára."

Nígbà tí a ń padà lọ wọ ọkọ̀, ebi ti ń pa wá, a sì yà sí Oyíngbò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀dọ̀ oníṣawá náà. Ó kọ́kọ́ wo orí Tíṣà kó tó wo ojú rẹ̀. "Ìyá ọmọ, ẹ̀yin àti ta lẹ jà?"

"Èmi àti Èyọ̀. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀."

Oníṣawá rẹ́rìn-ín, ó di ẹja fún un. Tíṣà kò gbà á. "Ènì mi ńkọ́?" Oníṣawá fi ọ̀kan sí i. "Ti àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó tún fi sí i. "Ti bàbá wọn tó tú irun láti Ìkẹjà ńkọ́?"

"Háà, Ìyá Elénì," oníṣawá ní, "ẹ ó kó mi nílé lọ." Ṣùgbọ́n ó fi sí i.

Láti ọjọ́ náà, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà gbogbo tí a bá lọ síbi ọdún tàbí tí a bá lọ wo òkun. Tíṣà á máa kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, oníṣawá á máa ráhùn, á sì máa fi ènì sí i fún oníkálukú. Èmi á dúró lókèèrè bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Èyọ̀ yìí, fóònù tún dún. Ọmọ-ọmọ mi ni. "Gránpà, Mọ́mì ní ẹ tú irun Gránmà nínú tíréènì. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Níbo gan-an?"

Mo sọ fún un. Ó ní ìyá òun kò rántí ibi tí ọkọ̀ dúró sí. "Ẹ wá fi hàn mí," ó ní. Ẹlòmíràn kò sí mọ́ tó lè fi hàn án. Mo ní màá wá. Mo ní kí ìyá rẹ̀ rí i pé kì í ṣe ṣùkú ló wà lórí ọmọ náà. Irun pàtẹ́wọ́ ni wọ́n dì fún un.

Tíréènì tuntun ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì yára. Mo gbé ọwọ́ sókè láti sọ pé, "Ibí ni," a ti kọjá. Ọkọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú irun tán. Inú ọmọ náà dùn sí Èyọ̀, ó sì bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọ̀kan sún mọ́ ọn jù. Èmi wo gbogbo funfun yẹn kọjá, mo sì rántí ẹni tó ní ó dára.

Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin mi kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn yà sí Oyíngbò, mo sì tẹ̀ lé e.

Oníṣawá ti darúgbó. Ó kí mi, ó wo ọmọbìnrin mi, ó wo ọmọ-ọmọ mi, ó sì wo ẹ̀yìn wa bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó rọra ń bọ̀. "Ìyá Elénì dà?"

"Ó ti lọ sinmi, Ìyá."

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́. "Mo ń sọ ọ́," ó ní. "Mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé, obìnrin yẹn kò wá mọ́. Kì í pẹ́ tó báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹja. Èmi náà ṣe ohun tí n kò ṣe rí. Mo sún mọ́ àtẹ. "Ènì wa ńkọ́?"

Ó gbé ojú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mú ọ̀kan. "Ti ọmọ kékeré nìyí. Ti ìyá rẹ̀ nìyí. Tẹ̀yin nìyí." Ó wo àtẹ, ó ṣa ọ̀kan tó tóbi jù, ó fi í lé gbogbo rẹ̀ lórí, kò sì sọ ti ẹni tó jẹ́.

Nígbà tí a ń padà sílé, òórùn ṣawá náà gba gbogbo inú ọkọ̀ tútù yẹn kan. Arákùnrin kan tó so táì wo ìsàlẹ̀, ó wò mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọdún la ti ń bọ̀." Ọmọ-ọmọ mi sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo wo irun pàtẹ́wọ́ orí rẹ̀ títí a fi kọjá Ìkẹjà. Mo fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn etí. Kò sí àpá níbẹ̀.