Elétí Lójú Ọ̀nà Etí Òkun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti mẹkáníìkì kan fún yín, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Elétí. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi o. Bí ọkọ̀ bá ṣàìsàn, tí àwọn mẹkáníìkì yòókù tú u palẹ̀, tí wọ́n tún un tò láìrí nǹkan kan, wọn á ní, "Ẹ gbé e lọ fún Elétí." Elétí á fi irin gígùn kan kan ẹ́ńjìnnì, á fi etí lé ìdí irin náà, á dijú. Kó tó lajú, ó ti mọ ibi tó ń dun ọkọ̀. Ọdún méjìlélógójì ló fi jẹun lórí etí yìí.

Àmọ́ etí ti ń kú. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ kì í bá a wọlé mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu onítọ̀hún ni bàbá máa ń wò, á wá fi ọgbọ́n inú parí ìyókù. Kò sọ fún ẹnì kankan. Bí Elétí ò bá gbọ́ràn mọ́, kí ni wọn ó máa pè é? Ẹ̀rù yìí ni kì í jẹ́ kó sùn. Ẹni tó sì ń sá fún jù ni ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní àpèkọ àti àmì ohùn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń fi etí dídi pamọ́ fún?

Ọkọ̀ kan wà tó fi ṣe ìlérí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Ọkọ̀ eré ìje àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, aláwọ̀ ewé, oníjókòó méjì péré, aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Ó kúrú débi pé ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ kan títì. Elétí ní òun á fi gbé ìyàwó òun gba ọ̀nà etí òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Wọ́n bí àkọ́bí, wọ́n bí ìkejì, wọ́n bí ìkẹta. Ẹ sọ fún mi, ibo lẹ fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta sí nínú ọkọ̀ oníjókòó méjì? Ni ọkọ̀ bá wọ abẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé, ó di ilé adìẹ. Nígbà tí tíṣà fẹ̀yìn tì, ó kàn jáde lọ́jọ́ kan, ó ká tapólì, ó lé àwọn adìẹ dànù.

"Bàbá wa," ó ní, "ìgbà wo là ń lọ?"

Oṣù mẹ́ta ni Elétí fi tún un ṣe. Ìkánjú ló fi ṣe é, torí ó mọ ohun tó ń lé òun bọ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn. Òkun wà lọ́tùn-ún, òkúta gíga wà lósì, atẹ́gùn ń pariwo débi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kejì. Inú Elétí dùn ṣìnkìn: àwọn méjèèjì ti di adití bákan náà! Tíṣà so ìborùn mọ́rí pinpin, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń nawọ́ sí àwọn ọkọ̀ apẹja bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò dé. Wọ́n fa òrùlé aṣọ bo ọkọ̀. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí tíṣà lórí itan. Ọ̀nà ni Elétí ń wò lásìkò yẹn, kò wo ẹnu ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá wa, ó ń jò!"

Ó ń jó ni Elétí gbọ́. Ó tẹ bíréèkì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fò jáde bí ọmọ ogún ọdún, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì bu yanrìn sórí ẹ́ńjìnnì. Yanrìn o! Mẹkáníìkì ọlọ́dún méjìlélógójì! Káburétọ̀ méjèèjì yanu sílẹ̀, wọ́n gba yanrìn yó.

"Kí lẹ ń ṣe yìí?" Tíṣà ti yọrí síta.

"Ṣebí ìwọ lo ní ó ń jó!"

"Mo ní ó ń jò! Òrùlé! Òrùlé ló ń jò!"

Elétí wo ẹ́ńjìnnì. Kò sí iná, kò sí èéfín. Ó yé tíṣà wàyí. Irú àṣìṣe yẹn ló ti fi báírò pupa fàlà sí nídìí fún ọdún márùndínlógójì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí ẹnu òun.

"Ẹ sọ ohun tí mo bá pè. Igbá."

"Igba," ni Elétí wí.

"Ìgbà."

"Igba."

"Igba."

"O ti pe ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta!"

Tíṣà yí wá síwájú rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́jọ."

Inú bí obìnrin náà, kì í ṣe díẹ̀. "Oṣù mẹ́jọ! Ẹ wá gbé mi sínú ọkọ̀, ẹ ń fi mí sáré lẹ́bàá òkun, ẹ ò sì lè gbọ́ fèrè ẹni tó wà lẹ́yìn! Ta lẹ fi mí pè?" Omi ti dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí," Elétí wí. "Orúkọ wo ni wọn ó máa pè mí?"

Wákàtí mẹ́ta ni Elétí fi fọ yanrìn kúrò, wákàtí mẹ́ta ni tíṣà fi di agboòrùn mú lé e lórí láìbá a sọ̀rọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń gbọ̀n. Elétí mú irin rẹ̀, ó fi etí lé e, ó dijú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na irin náà sí ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi gbọ́ ọ."

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ba. "Ó ń ṣe kìkìkì."

"Kíkíkí tòkè ni àbí kìkìkì tìsàlẹ̀? Bó bá jẹ́ tòkè, a ti há síbí. Bó bá jẹ́ tìsàlẹ̀, bóòtù kan ló tú. Bákan náà ni gbogbo ẹ̀ létí mi, Tíṣà."

Tíṣà gbé irin sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e níwájú pátákó ìkọ̀wé: dò, ọwọ́ lọ sílẹ̀, re, ọwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, mí, ọwọ́ gòkè. Ó wá mú un wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: dò, dò, dò.

"Ìsàlẹ̀!" Elétí kígbe, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀. Bóòtù kan ló tú lóòótọ́. Nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ẹ má bi mí èwo ló pọ̀ jù.

Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ tíṣà ò sinmi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fọn fèrè lẹ́yìn, á gbá ọkọ rẹ̀ léjìká.

"Tá a bá délé," Elétí wí, "èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ọ̀nà tán. Ọ̀dà títì kàn wọ inú yanrìn lọ ni. Elétí pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń rí ìgbì bó ṣe ń fọ́, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mi ò gbọ́ òkun," ó wí. Ó dùn ún dọ́kàn.

Tíṣà ò purọ́ fún un pé kò burú. Ó kàn gbé ọwọ́, ó mú un gòkè díẹ̀díẹ̀, ó tún mú un wálẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí.

Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀. Elétí wo ẹnu rẹ̀, ó rí i pé ó ní òun fẹ́ràn ọkọ òun, tàbí ọkọ̀ òun. Ẹnu nìkan ò lè sọ èyí tó jẹ́.

"Èwo?" ó bèèrè. "Ṣé mọ́tò yìí ni àbí èmi?"

Tíṣà na ọwọ́ síwájú, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Re, re. Ọwọ́ náà ò wálẹ̀ rárá.