Ṣéènì Lójú Ọ̀nà Etí Odò

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ mọ́tò wà jù ní gbogbo Accokeek, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, nígbà yẹn, èmi ni. Mi ò tíì pé ogún ọdún. Mo ti já kọ́lẹ́jì sílẹ̀ torí pé àwọn tíṣà yẹn ń fa ọ̀rọ̀ gùn jù fún mi, mo ń kó ẹrù ní wiahaosi, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ní Beltsville, mo sì ti ra mọ́tò pupa kan tí ẹnikẹ́ni ò bá mi dá owó ẹ̀. Òun ni mo fi ń gbé ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Oxon Hill, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kídìnrín màmá ò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí wọn ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, omi á máa kún inú ara wọn títí wọn ò fi ní lè mí mọ́. Dókítà ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ká má pa ọjọ́ kan jẹ.

Ibi tí bàbá mi ra ilé sí ni ò dáa. Etí odò Potomac ni, inú igbó, ilé mélòó kan péré tí wọ́n jìnnà síra wọn. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Àgbọ̀nrín ló ń jẹ ẹ̀fọ́ tí a gbìn. Tí mo bá ráhùn, bàbá mi á ní, "Wo ilẹ̀! Ta ló máa ta ilẹ̀ tó báyìí fún mi l'Ékòó tí kò ní tún un tà fún ẹlòmíì?" Màmá nìkan ló fẹ́ràn ibẹ̀ bíi tiẹ̀. Ọmọ etí ọ̀sà ni wọ́n, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n á máa wo omi bó ṣe ń kún tó tún ń fà, wọ́n á ní, "Odò tó tó báyìí, kò sẹ́ni tó da àwọ̀n sí i. Àwọn òyìnbó yìí ò mọ oúnjẹ."

Lẹ́yìn ìjì ńlá kan tó jà, omi gbé ojú ọ̀nà wa lọ. Ìjọba ní àwọn á wá tún un ṣe, wọn ò wá. Baba òyìnbó tó ni ilé iwájú ní ká máa gba inú ilẹ̀ òun jáde sí títì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò sí ìwé kankan. Nígbà tó yá, baba yẹn ta ilé ẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Ọkùnrin òyìnbó kan tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí ló rà á.

Màmá ní, "Ẹ lọ kí i o."

Bàbá mi ní, "Òun ni àlejò, màmá. Òun ló yẹ kó wá kí wa."

"Ẹni tó fẹ́ kọjá ló ń kí ará ojú ọ̀nà."

Bàbá mi ò lọ. Ọkùnrin yẹn náà ò wá.

Ní Túsìdeè kan, mo gbé màmá sínú mọ́tò, a dé iwájú, a bá ṣéènì. Ọkùnrin yẹn ti fà á láti igi kan dé èkejì, páàdì tó tó ìkúùkù mi wà lára ẹ̀, ó sì kan pátákó mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Mo fun fèrè títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Kò sẹ́nìkan nílé. Ni mo bá fẹ̀yìn wa mọ́tò padà sílé.

Nígbà tí bàbá mi dé, mọ́tò tiẹ̀ wà níta ní etí títì, ẹsẹ̀ ló fi rìn wọlé, ìrìn tó jìnnà ju èyí tí màmá lè rìn lọ. Ó ní, "Ilẹ̀ ẹ̀ ni. Màá bá a sọ̀rọ̀ ní Sátidé bí àgbàlagbà."

"Kí màmá má mí títí di Sátidé?"

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ ká kúkú pe ambúláǹsì."

Màmá gbọ́ láti yàrá. "Ọkọ̀ òkú? Kí wọ́n gbé mi láàyè sínú ọkọ̀ òkú? Ní Ẹ̀pẹ́, tí ọkọ̀ yẹn bá ti yà wọ àdúgbò, ẹkún ló ń tẹ̀lé e. Mi ò wọ̀ ọ́!"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di Tọ́sìdeè, ẹsẹ̀ màmá ti wú, ó ń dán. Wọ́n ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè. Bàbá mi ti fẹsẹ̀ rìn jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Mo gbé màmá sínú mọ́tò, mo sì ju irin tí wọ́n fi ń gé páàdì, tí mo gbé bọ̀ láti wiahaosi, sẹ́sẹ̀ mi.

"Kí nìyẹn?"

"Irin ni, màmá."

"Mo rí i pé irin ni. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Màá fi ṣílẹ̀kùn."

Ọkùnrin yẹn wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń mu kọfí. Bó ṣe rí mi tí mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú irin, ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú ìbọn gígùn. Kò nà án sí mi. Ó dojú ẹ̀ kọlẹ̀, ó rìn wá títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ìdí ṣéènì.

Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Ìyá mi àgbà ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ gbé wọn lọ sọ́sibítù."

"Ẹ gba ọ̀nà tiyín."

"Ọ̀nà tiwa ti wọ odò!"

"Èmi kọ́ ni mo tì í sódò."

Mo ní, "Màá gé e. Ṣe ohun tó bá wù ẹ́." Mo ki ṣéènì sí ẹnu irin. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé ẹ̀rù bà mí. Àtẹ́lẹwọ́ mi kàn ń làágùn ni.

Mo gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Màmá ti sọ̀ kalẹ̀, láìsí ọ̀pá, ìró wọn ń wọ́lẹ̀. Wọ́n fi èjìká tì mí sẹ́yìn, wọ́n dúró láàárín èmi àti ṣéènì, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ẹni tó bá mọ̀ mọ̀. Tí ìyá arúgbó bá kúnlẹ̀ fún ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ nílé wa, onítọ̀hún á sá ni. Á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n má fi ìyẹn ṣépè fún òun. Màmá wo ojú ẹ̀, wọ́n fi Yorùbá sọ fún un pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká kọjá."

Ọkùnrin yẹn ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó rí ni pé arúgbó kan lulẹ̀. Ó sọ ìbọn sínú koríko, ó ń pariwo pé, "Ó ti ṣubú! Ó ti ṣubú!" Ó sì fa fóònù yọ.

"Màmá, ẹ dìde."

"Ẹsẹ̀ ò dá mi lóhùn."

Lóòótọ́ ni. Mo gbé apá wọn, gbogbo ara wọn dà lé mi lọ́wọ́, èémí wọn sì ń dún bí omi nínú ìgò. Irin ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń pe Jésù, èmi tí mi ò kí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ambúláǹsì tó yọ, ọkùnrin yẹn ti ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ojú páàdì. Nígbà tó yá, ó ṣí i. Ṣéènì ṣubú, ọkọ̀ gorí ẹ̀ kọjá wá bá wa.

Màmá la ojú díẹ̀. "Ọkọ̀ òkú náà nìyí?"

"Òun ni, màmá."

"Kí wọ́n ṣí fèrèsé ẹ̀ o."

Nínú ọkọ̀, obìnrin tó ń fi nǹkan bo imú màmá bi mí bóyá wọ́n fẹsẹ̀ kọ ni. Mo ní rárá, wọ́n kúnlẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi kúnlẹ̀? Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi ṣí fèrèsé.

Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì tún fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ohùn wọn padà, èébú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Olórí kunkun. O rò pé òyìnbó yẹn ni mo kúnlẹ̀ fún?"

"Ta wá ni?"

"Ìwọ. Òun ń wo ọwọ́ ẹ, ìwọ ò wo ọwọ́ tiẹ̀."

"Màmá, kò lè yin ìbọn yẹn."

"Bóyá ó lè yìn ín tàbí kò lè yìn ín, ṣé àyà ara ẹ lo fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?"

Nígbà tí wọ́n padà sílé, tí mo tún ń gbé wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀, a dé iwájú. Ṣéènì ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló wà, ó ká sínú koríko. Ọkùnrin yẹn dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀. Mo gbójú síwájú, mo ń wa mọ́tò mi lọ.

Màmá ní, "Kí i."

"Mi ò kí i."

"Mo ní kí o kí i!"

Mo fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ báyìí.

Wọ́n ní, "Kò gbọ́ ìyẹn."

Mo tún un fun.