Mọ́tò Pupa Fẹ̀hìntọlá

Ó ti sú Fẹ̀hìntọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Lokongoma, láti máa fi mọ́tò kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì relé lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tó fẹ́ ra òmíràn, gbogbo tòkunbọ̀ tó láyè ló fojú fò. Èyí tó bá owó ọwọ́ rẹ̀ mu, tó sì wù ú, ni pupa kan tó ń sáré bí ẹtu, onílẹ̀kùn méjì, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Eunice ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Iṣu tí a bá gbà ní Kabba ńkọ́?”

“Orí itan ẹ ni.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gúnlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ọba. Àmọ́ ikùn ńlá rẹ̀ há sínú mọ́tò, kò jẹ́ kó lè dìde. Àwọn tó ń sá fún ló fà á yọ.

Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun relé mọ́. Òun ló ń yọrí lójú fèrèsé, tó ń pè pé, “Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ má tíì lọ!”