Ewé Tí Mo Fi Dí Ọ̀nà Lẹ́sẹ̀ Òkè Ẹ̀fọ̀n

Rénbúùtù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń ké. Bí mo bá gbé òsì, á ní "fìín". Bí mo bá gbé ọ̀tún, kò ní wí nǹkan kan. Ká ní méjèèjì ló ń ké ni, èèyàn á mọ̀ pé bàtà burúkú lòun rà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń ké, ọ̀kan dákẹ́, àfi bíi tọkọtaya tó ń jà tí ọkọ ò dáhùn. Láti Ìjerò dé Arámọ̀kọ lórí ọ̀kadà, mi ò gbọ́ ọ, torí ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Ìgbà tí mo wọ mọ́tò Ẹ̀fọ̀n, tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, ni mo tó mọ ẹni tí mo mú dání. Èmi nìkan ni mo ń lọ, kò sí ẹlòmíì tí mo lè bá jà, mo bá ń bá bàtà jà.

Ọmọ mi obìnrin ló fà á, bí kò tiẹ̀ rán mi níṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ní Áyálàndì. Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun kan tàbí igbó kan tí kò jìnnà sí ibi tó ń gbé, á rìn ká, á padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Á wá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù: òkun tó dúdú bí omi aró, àpáta, iyanrìn, igi tí nǹkan aláwọ̀ ewé hù bò lára. Fọ́tò nìkan o. Kò ní kọ "Ẹ káàárọ̀ Dádì" sí i. Kò ní pè. Ó ti di oṣù mẹ́jọ.

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ò tíì jáde. Ó bẹ̀ wá pé ká dúró de òun, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Àwọn àgbà ẹbí ní àwọn ò lè fi òkú sílẹ̀ ní mọ́ṣúárì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì sì ti mú ọjọ́. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, tí mo lè bá irin jà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò lè bá àwọn ẹbí jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní, "Ó dáa." A sin ín. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sọ́mọ. Látìgbà yẹn ni mi ò ti gbóhùn ẹ̀ mọ́.

Èsì tí mo máa fún un lórí Wasáàpù náà wá di ìṣòro. Fọ́ọ̀mù Tú ni mo kàwé dé. Mo wo iwájú, mo rí i pé ìwé ṣì pọ̀ lọ́hùn-ún, mo yáa padà. Gbogbo òkun tó bá fi ránṣẹ́, "Ó dáa" ni mo ń kọ sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà tó dá wàhálà sílẹ̀ ni mo tún fi ń bẹ̀bẹ̀.

Mo wá rò ó pé kí èmi náà ní ibi tí mò ń rìn lọ. Èkìtì ò ní òkun, ẹni tó bá ní ó ní, kó mú wa lọ. Ṣùgbọ́n a ní òkè, a ní igbó, odò kan sì wà lẹ́sẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n tí àpáta pẹlẹbẹ wà létí rẹ̀. Oko kòkó tí ìyàwó mi jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, orí àpáta yẹn lòun àti ìyá ẹ̀ ti máa ń jókòó jẹ iṣu sísun. Mo ní bí mo bá ya ibẹ̀ ránṣẹ́, bóyá á sọ̀rọ̀. Kó tiẹ̀ bú mi.

Koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀nà náà. Nígbà tí mo dé ibi tó pín sí méjì, mo gba ọ̀tún. Ọwọ́ mi já ewé, ó tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà òsì, ó gbé òkúta lé e. Mo ti rìn síwájú díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Ìyàwó mi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ yá, òun ló máa ń ṣáájú, èmi àti ọmọ á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ló mọ̀ ọ́n: bí o bá rí ewé tútù níkòríta, ẹni iwájú ló ní o ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n padà lọ ṣí i.

Odò wà níbẹ̀, àpáta wà níbẹ̀. Mo jókòó. Mo rò pé màá sunkún. Ebi ló pa mí. Mo ya fọ́tò títí, ìka mi sì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́ débi pé mo ń gbé ẹsẹ̀ òsì sókè sódò, kí n ṣáà lè gbọ́ kí nǹkan kan ké.

"Ìwọ lo fi ewé dí ọ̀nà?"

Ìyá arúgbó kan ló dúró lẹ́yìn mi, apẹ̀rẹ̀ èbù iṣu lórí, òógùn bò ó. Mo dọ̀bálẹ̀ níwọ̀n tí eékún mi gbà.

"Ẹ kú ọ̀nà, Yèyé. Èmi ni."

"Ọ̀nà òsì loko mi wà! Ìyàwó ọmọ mi ló ṣáájú. Mo réwé, mo ní òun ló ní kí n gba ọ̀tún. Mo rìn, mo rìn, àfi bàbá tó ń ju ẹsẹ̀ lórí àpáta! Àwọn tó ń tẹ̀lé ọ dà?"

"Kò sí, Yèyé."

"Kò sí kẹ̀?"

"Èmi nìkan ni."

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí látorí dé bàtà. "Ta lo wá ń fọ̀nà hàn? Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Ó pé títí dàárọ̀ yìí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú tó ń bí i ò jẹ́. Kó má baà rò pé wèrè ni mí lóòótọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì fi fọ́tò ọmọ hàn án. Ó na fóònù jìnnà sójú.

"Ta ló bá a lọ sídìí omi ńlá yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀? Wo iyanrìn. Ẹsẹ̀ ẹnì kan péré ló wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ ń dá rìn ni."

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wo iyanrìn yẹn, mi ò rí ẹsẹ̀.

"Tìrẹ ńkọ́?" Mo fi hàn án. "Òkúta. Òkúta. Ìka. Ṣé òkúta ló bí i ni? Ìwọ dà níbẹ̀?"

Mo fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án, mo dúró gbọnin. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó yà mí láti ọrùn dé rénbúùtù, kò sí orí.

Mo bá a ru apẹ̀rẹ̀ padà síkòríta. Ó ní kí n fọwọ́ ara mi kó ewé mi kúrò, mo kó o. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti ń pè é kíkankíkan láti ọ̀nà òsì. Yèyé gba ẹrù rẹ̀, ó ní, "Máa lọ sí ulé rẹ," ó sì wọgbó lọ.

Ojú títì ni mo ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fi fọ́tò tí kò lórí náà ránṣẹ́. Mo fẹ́ kọ "Ó dáa" sí i, ọwọ́ mi kọ̀. Mo kọ "Èmi ni." Mo dúró de mọ́tò. Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ mi kan ti wà nínú rẹ̀ kí fóònù tó dún.

"Dádì, orí yín dà?"

Ohùn rẹ̀ ni. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. "Ó wà lọ́rùn. Kò kàn wúlò púpọ̀ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Mò ń gbọ́ atẹ́gùn lọ́dọ̀ tiẹ̀, ó ń fẹ́ gan-an.

"Ẹ ò dúró dè mí."

"Mi ò dúró. Ẹ̀rù àwọn ẹbí ló bà mí. Ó yẹ kí n dúró. Má bínú, ọmọ mi."

Dẹ́rẹ́bà fun fèrè, ó tún un fun.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Mọ́tò Arámọ̀kọ ni. Ó ní kí n wọlé."

Atẹ́gùn yẹn tún fẹ́ títí.

"Ẹ má tíì wọ̀ ọ́, Dádì."