Ọwọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Jẹun

Mo rò pé mo mọ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè ṣe àti èyí tí wọn kò lè ṣe. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo kó lọ bá wọn ní Òkè-Ìlá. Èmi ni mò ń fi òkèlè sí wọn lẹ́nu.

Ọmọ wọn obìnrin ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé bí màmá òun kò bá lè dá jẹun, òun á mú wọn lọ, òun á sì ti ilé náà pa. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ lọ. Ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn ni a sin ọkọ wọn sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì kan wá wo ibi tí agbára wọn dé. Ó béèrè nípa ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mò ń dáhùn. Mo tilẹ̀ rọra sọ fún un pé kó má da ohun téèyàn ń ṣe pọ̀ mọ́ ohun téèyàn lè ṣe. Nígbà tó kan oúnjẹ, mo ní wọn kò lè dá jẹun rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó ní kí n gbé iyán síwájú wọn, kí àwa méjèèjì bọ́ síta. Mo ní iyán á kàn tutù ni.

Nígbà tí a padà wọlé, abọ́ ti ṣófo.

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá ẹnìkan sá pamọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ti ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ ìró, ọbẹ̀ sì ti ta sí ìró náà.

"Ta ló fún yín jẹ?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?" Wọn kò wojú mi. "Ṣé kí n máa fọwọ́ òsì jẹun níṣojú ẹ ni, tíṣà, kí o lè ní kí n na ọwọ́ gba ẹgba?"

Nílé Mùsùlùmí tí a ti dàgbà, ọmọ tó bá fọwọ́ òsì kan oúnjẹ, wọ́n á gba abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ yàn kí n máa fún òun lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́. Èmi náà kò tilẹ̀ rántí pé ọwọ́ kan ṣì kù.

Ní Sátidé, níwájú ọmọ wọn, ẹ̀gbọ́n mi fọ ọwọ́ òsì, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n bu iyán.

"Màmá, ọwọ́ òsì?"

"Òun ló kù. Bí kò bá wù ọ́ wò, kọjú sí ògiri."

Ó wojú mi. Mo sún abọ́ ọbẹ̀ sí apá òsì ẹ̀gbọ́n mi.

Òun nìkan ló wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí ọwọ́ yẹn nínú abọ́, àyà mi ṣì máa ń já.